Jíà kejì ti wọlé: E36 láti ọ́tò sí mánúà

Aago mọ́kànlá alẹ́ àná ti kọjá kí n tó jáde lábẹ́ mọ́tò, gíríìsì ṣì wà lábẹ́ èékánná mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ bá mi yọ̀. BMW E36 mi ni mò ń yọ jíà ọ́tò (tó ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀) kúrò lára rẹ̀, tí mo ń fi mánúà (tí à ń fi ọwọ́ pààrọ̀) sí i, jíà kejì ló sì ń ké tí eré bá pọ̀. Jíà kejì ti wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, kò ké, kò sì janpata. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ohun tó ń ṣe é, kò sì sí nínú gbogbo ibi tí mo sọ fún yín nígbà tó kọjá.

Kí n yára ka àwọn tó ti parí. Pẹ́dà kẹta, ti kílọ́ọ̀ṣì, ti dúró dáadáa. Wáyà tí kì í jẹ́ kí ọ́tò sitáàtì àfi lórí P àti N, ríwáyà ti so ó pọ̀. Pùròpélà ti mánúà ti wọlé, kò gbọ̀n.

Ó wá ku jíà kejì. Tí mo bá ń wa mọ́tò yìí jẹ́jẹ́ lọ sí ọjà Àtàkúmọ̀sà, gbogbo jíà ló ń wọlé wẹ́rẹ́. Àmọ́ tí abẹ́rẹ́ bá ti kọjá 5, ìyẹn 5,000, tí mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí mo sì fà á sí kejì, á ké bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò irin. Mo kọ́kọ́ fura sí atẹ́gùn inú lówà, pọ́ǹpù kékeré tó ń fi ọ́ìlì ti kílọ́ọ̀ṣì. Ọmọ iṣẹ́ tẹ pẹ́dà, mo tú nọ́ọ̀tì, a ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ títí ọ́ìlì fi ń jáde láìsí ìfófòó kankan. Kò yí padà. Mo ra lówà tuntun. Kò yí padà. Mo wá dá jíà fúnra rẹ̀ lẹ́bi, mo ní síńkírò kejì (òrùka tó ń mú kí eré dọ́gba kí jíà tó wọlé) ti jẹ, mo sì ti ń kó sípánà jọ kí n tú u palẹ̀.

Bàbá tí mo ń lo ṣọ́ọ̀bù wọn nírọ̀lẹ́ ló dá mi dúró. Wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n ń jẹ gúgúrú, wọ́n bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣebí ọ́tò ni wọ́n bí mọ́tò yìí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ta ló wá fi béárìn sí ìdí kíráńkì rẹ̀?”

Mi ò lè dáhùn.

Ṣáàfù tó yọ lẹ́nu jíà mánúà gùn, orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ibi sinmi: béárìn kékeré kan tó ń jókòó sínú ihò ìdí kíráńkì (ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí), èyí tí wọ́n ń pè ní páílọ́ọ̀tì béárìn. Torque converter (ohun olóìlì tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí jíà) ló máa ń wà níbẹ̀ lára ọ́tò, kò sí ṣáàfù tó ń wá ibi tó máa fi orí lé, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fi béárìn síbẹ̀. Tí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí ṣáàfù yẹn bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì pátápátá kí jíà tó ń bọ̀ lè bá a dọ́gba. Tèmi ò rí ibi dì mú. Orí rẹ̀ ń jó kiri, páànù kílọ́ọ̀ṣì wá ń fara ha fúláíwíìlì (wíìlì irin tó ń bá kíráńkì yí) lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì sì ń wọ́ ọ yí díẹ̀díẹ̀. Síńkírò lè fara da ìyẹn tí mọ́tò bá ń lọ jẹ́jẹ́. Kò lè fara dà á ní 6,000.

A sọ jíà kalẹ̀. Mo tan iná fóònù sínú ihò náà: òfìfo, ìpẹtà pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára ògiri rẹ̀. Mo wá fi ìka pa orí ṣáàfù. Apá kan ti dán bíi ṣíbí tuntun, apá kejì ṣì dúdú bó ṣe wà látilẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn wà lójú irin kan tí kò nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú béárìn yìí ní Arárọ̀mí, ní Agodi Gate n'Íbàdàn, ẹ má dárúkọ mọ́tò kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ fi kálípà wọn orí ṣáàfù, kẹ́ ẹ wọn ihò, kẹ́ ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo wọ̀. Èyí àkọ́kọ́ fẹ́ tà mí ní ti alternator torí pé ó jọ ọ́ lójú. Èyí kejì ní tòkunbọ̀, mo sì fi ọwọ́ yí i, ó ń rọ́ kẹ̀kẹ̀. Ìyá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹta ka nọ́ńbà inú ìwé mi, wọ́n wọlé, wọ́n mú un jáde nínú páálí. Mo fi í sínú fíríìsà lóru ọjọ́ kan kó lè sún kì, Bàbá ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì àti òòlù kékeré lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó jókòó.

A wá gbé mọ́tò lọ sí ọ̀nà ẹ́sítéètì tí wọn ò tíì kọ́lé sí ní apá Ìbòdì. Onílẹ̀ fún wa láyè, a sì fi igi dí ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ ni mo fi fóònù ká, torí ibẹ̀ ni eré ìdámẹ́rin máìlì (drag race) ti ń bàjẹ́ tàbí dára. Nígbà tí ọ́tò ṣì wà nínú rẹ̀, mo gba ìṣẹ́jú àáyá 2.52, 2.55, 2.53. Mánúà fún mi ní 2.91, 2.38, 2.74, 2.44. Ẹ wò ó dáadáa. Èyí tó yá jù jẹ́ ti mánúà, èyí tó fà jù náà jẹ́ tirẹ̀. Nínú 2.91, táyà yí lórí eruku pupa títí èéfín fi bo dígí ẹ̀yìn, nínú 2.74, mo yára tú ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ jù lórí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú. Jíà kejì ò ṣe mí ní nǹkan kan, ẹsẹ̀ òsì mi ló kù.

Èyí ló mú mi ronú nípa àwọn ará Amẹ́ríkà, tí NHRA, ẹgbẹ́ eré drag wọn, ti ń ṣètò eré yìí fún láti 1951. Powerglide, ọ́tò oníjíà méjì péré tí GM ṣe láti 1950 sí 1973, wọ́n ṣì ń fi sáré títí di òní. Torque converter lè sọ agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ṣáàfù (torque) di bí ìlọ́po méjì kí mọ́tò tó gbéra, transbrake, bíréèkì inú jíà, sì máa ń ki jíà àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀yìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí mọ́tò má lè lọ títí awakọ̀ fi máa tú bọ́tìnì sílẹ̀. Níbi eré bracket, olúkúlùkù ń kọ iye àkókò tó máa lò sílẹ̀ ṣáájú, ẹni tó bá sì sáré ju ohun tó kọ lọ lè pàdánù. Ẹni tó ń gba 2.52, 2.55, 2.53 ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀ka eré tí wọ́n ń pè ní Pro Stock ṣì ń lo kílọ́ọ̀ṣì àti jíà márùn-ún, àmọ́ awakọ̀ wọn kì í tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ tó bá ti gbéra. Mọ́tò ẹ̀ka Top Fuel tó yára jù lọ kò tilẹ̀ ní jíà tó ń pààrọ̀. Páànù kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dì mọ́ra.

Mo ti sọ fún yín nígbà tó kọjá pé mo fẹ́ ta jíà ọ́tò tó jáde, kí n fi owó rẹ̀ san ti kílọ́ọ̀ṣì. Àbúrò kan ti fẹ́ wá láti Ifẹ̀ ní Sátidé láti wá gbé e. Ibi tí mo ti ń kọ nọ́ńbà mẹ́ta ti ọ́tò yẹn sílẹ̀ lókè ni mo ti dá ọwọ́ dúró, tí mo pè é, tí mo bẹ̀ ẹ́ pé mi ò tà á mọ́. Kò bínú, ó ní tí mo bá tún yí ọkàn padà, òun ni kí n kọ́kọ́ pè. Mánúà ò ní jáde báyìí o. Mo fẹ́ràn rẹ̀, 2.38 yẹn ṣì ń dùn mọ́ mi nínú, mo sì máa lọ sí Ìbòdì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kí n kọ́ ẹsẹ̀ òsì mi, n ó máa gbéra láti 3,000, n kò ní kọjá ibẹ̀ títí yóò fi mọ́ mi lára. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ tí a máa bá ẹlòmíràn díje, ọ́tò ni mo fẹ́ kó wà lábẹ́ mọ́tò.

Jíà ọ́tò náà wà lábẹ́ tábìlì báyìí, mo fi náílọ́ọ̀nù dí gbogbo ẹnu rẹ̀. Lọ́la, tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, mo máa da ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀ sínú ìgò funfun kan kí n wò ó bóyá ó ṣì pupa, kí n sì gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti jó.