Àyẹ̀wò ọdún: ohun tí a ó yí padà nínú ìrìn-àjò sí Ọgbà Ìrántí Nkrumah

Ọdún ti ń lọ sópin. Ó yẹ kí àwa tí a ń kó èrò láti Èkó lọ wo Ọgbà Ìrántí Kwame Nkrumah, olórí àkọ́kọ́ tí Gánà ní lẹ́yìn òmìnira, ní Accra yẹ iṣẹ́ wa wò, ká mọ èyí tó dára àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó.

Ọ̀nà ò le fún ẹni tó bá ti múra. Ibodè mẹ́ta ni: Sẹ̀mẹ̀ tí a ti ń wọ Benin, Hilla-Condji tí a ti ń wọ Tógò, àti Aflao tí a ti ń wọ Gánà. Àbẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rántí, torí ẹni tó gbà á lánàá ò lè fi káàdì rẹ̀ rìn lónìí, àfi kó pé ọjọ́ 10. Bẹ́ ẹ bá ti wọ Tógò, ẹ dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí 1. Aago Gánà ò yàtọ̀ sí ti Tógò. Àbọ̀ ló ń di wàhálà: wákàtí tẹ́ ẹ jèrè nígbà tẹ́ ẹ̀ ń lọ á di gbèsè, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ yín ní Sẹ̀mẹ̀. Ẹ mú sídì, owó Gánà, dání, torí owó ìwọlé àlejò ju ti ọmọ Gánà lọ.

Nínú ọgbà gan-an ni àtúnṣe pọ̀ sí. Èrò á wọlé, wọ́n á ya fọ́tò níwájú ère ńlá tó nawọ́ síwájú, níbi tí Nkrumah ti kéde òmìnira ní 6 oṣù kẹta 1957 (pápá póló àwọn òyìnbó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀), wọ́n á yọjú sí ibojì, ó parí. Ìyẹn ò tó.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ère Nkrumah kejì, èyí tí kò lórí, la ó ti máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 24 oṣù kejì 1966, wọ́n wó o lulẹ̀, orí rẹ̀ sì gé. Ẹnì kan tọ́jú orí náà pamọ́; ọdún 2009 ló tó dá a padà. Wọn ò jó o mọ́ ọrùn: ara dúró lọ́tọ̀, orí wà lórí òpó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa, kò sí ìpinnu tó dára tó ìyẹn nínú gbogbo ọgbà náà. Ẹ jẹ́ kí èrò sún mọ́ ọn, kí wọ́n wo ọrùn yẹn dáadáa.

Ẹ̀yìn náà ni kí wọ́n wọ mùsíọ́mù, kí wọ́n rí pósí tí wọ́n fi gbé òkú Nkrumah dé láti Guinea. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú: ọ̀pọ̀ gbà pé Guinea ló kú sí. Bucharest ní Ròmáníà ló kú sí, ní 27 oṣù kẹrin 1972. Wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí Conakry, olú-ìlú Guinea, lẹ́yìn náà sí Nkroful ní Gánà tí wọ́n ti bí i, kó tó dé Accra ní 1 oṣù keje 1992. Ẹni tó bá ti mọ èyí kó tó wọ abẹ́ ilé mábù tó wà lórí ibojì, tí Don Arthur yàwòrán rẹ̀ bí idà tí a dorí rẹ̀ kodò, àmì àlàáfíà láàárín àwọn Akan, yóò mọ ìdí tí ogún ọdún fi kọjá kí ọkùnrin náà tó sinmi. Ẹ ní kí wọ́n gbójú sókè: ojú òrùlé ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sórí ibojì.

Àwọn àgbà tí àṣẹ Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, lé kúrò ní Gánà ní 1969 nílò àsìkò ju àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ẹ má kán wọn lójú. Òwúrọ̀ kùtù ló dáa jù, kí oòrùn tó mú mábù. Ẹ yẹra fún 6 oṣù kẹta àti 21 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ ìbí rẹ̀, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó parọ́rọ́. A ó sì fi ilé W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ní Cantonments ní Accra kún ọ̀sán ọjọ́ kan náà: Nkrumah ló pè é wá sí Gánà, ibẹ̀ náà sì ni ibojì Du Bois wà.