Ẹ̀rọ Ata Tí Kì Í Pariwo

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo lọ lọ ata ládùúgbò wa n'Íbàdàn, mo sì gbọ́ òfófó ọ̀sẹ̀ kan gbáko nídìí ẹ̀rọ. Irú ẹ̀ ò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ẹ́ńjìnnì dísù ni Ìyá Ẹlẹ́rọ ń lò, ìka la fi ń sọ̀rọ̀: èèyàn á na méjì sókè, ìyẹn ni pé kí wọ́n lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí, wọ́n ti ra mọ́tọ̀ oníná, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí iná mànàmáná ń yí, wọ́n sì fi bẹ́líìtì so ó mọ́ orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò látijọ́.

Ariwo tó dínkù ni gbogbo èèyàn ń yìn. Èmi rò pé nǹkan míì wà tó jù ú lọ: mọ́tọ̀ yìí kì í jẹun tí kò bá ṣiṣẹ́. Oníbàárà kan lọ, wọ́n pa mọ́tọ̀; òmíràn dé, wọ́n tẹ súwíìṣì, ó ti ń yí nìyẹn. Ta ló máa pa ẹ́ńjìnnì dísù láàárín oníbàárà méjì? Kéèyàn tún yí i kó tó dìde, apá á fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ. Wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó máa kùn, kó máa mu dísù nítorí ata tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé wá.

Kódà tó bá ń ṣiṣẹ́ gan-an, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára epo rẹ̀ ń bá ooru àti èéfín lọ. Mọ́tọ̀ gidi lè fi nǹkan bí 80 nínú 100 iná tó gbà yí ẹ̀rọ. Òótọ́ ni pé níbi tí wọ́n ti ń fi gáàsì ṣe iná, bí Ẹgbin, ooru ń ṣòfò níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n èéfín tiẹ̀ kì í fẹ́ sínú ata mi.

Inú rẹ̀ ò sì ní wàhálà. Wáyà kọ́pà ni wọ́n wé yíká. Iná á sọ ọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì, yóò máa fa irin àárín yípo. Ìlànà tí Nikola Tesla gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1888 náà ni. Kò sí pístìn, kò sí ọ́ìlì tí à ń dà nù. Bíárìn, irin tó ń jẹ́ kó yí geere, ló sábà máa ń gbó.

Ìṣòro rẹ̀ ni iná tí kò lágbára. Mọ́tọ̀ á kàn máa kùn láìyí, wáyà inú rẹ̀ á gbóná títí á fi jó. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Ẹlẹ́rọ fi ń wo gílóòbù kí wọ́n tó tan ohunkóhun. Tó bá ń pọ́n, a ó dúró.

Ẹ́ńjìnnì dísù ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Mà, ẹ ò ní tà á ni?"

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé NEPA ti di ẹbí mi?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì tan òun, owó lílọ̀ máa ń gbẹ́nu sókè.