Korópe tó ń bi ìjókòó òfìfo léèrè

Ọjọ́bọ̀, Àṣẹ́rò, Abẹ́òkúta. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀.

Ọjọ́ kẹta rèé tí èmi àti xv6 ti ń fà á, òní ló tó gbà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, operating system kékeré ni, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà ló ṣe é lọ́dún 2006 láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Unix Version 6 ti 1975 ni wọ́n sì wò kọ ọ́. Ẹ̀dà àtijọ́ tó wà fún CPU x86, irú ti Intel, ni mo ń lò. Láti 2019 ni wọ́n ti kó iṣẹ́ lọ sórí RISC-V, irú CPU mìíràn, ṣùgbọ́n èyí ló ti mọ́ mi lọ́wọ́. Inú QEMU, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà, ni mo ti ń gbé e dìde, kò sí díìsìkì ẹnikẹ́ni tí mo lè bà jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò le. Bí xv6 ṣe wà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí díìsìkì ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, ì báà jẹ́ pé block 900, ìyẹn ìpín 900 lórí díìsìkì, lẹni àkọ́kọ́ ń béèrè, tí ẹnì kejì ń béèrè 30, tí ẹnì kẹta tún fẹ́ 901. Mo ní kí n sọ ọ́ di elevator: kó máa lọ síwájú, kó máa dá gbogbo ẹni tó bá bá lójú ọ̀nà lóhùn, bí kò bá sí ẹnì kankan níwájú mọ́, kó yí padà. Lift ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, irú èyí tó wà ní Olúmọ, ṣùgbọ́n korópe Kútọ̀ sí Láfẹ́nwá yé mi jù ú lọ. Kò sí awakọ̀ tó máa já èrò kan sí Láfẹ́nwá, kó sáré padà wá gbé ẹyọ kan ní Kútọ̀, kó tún sáré lọ. Bó ṣe ń lọ ló ń já, ló ń gbé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere. Mo wá kọ ètò kan tó bí ọmọ mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ka fáìlì tirẹ̀, tó bá kà á tán á tún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ó ní panic: idestart, ìyẹn ni pé ó kú sínú idestart, kóòdù tó ń rán díìsìkì níṣẹ́. Mo tún un gbé dìde. Ó tún kú, àmọ́ ọ̀tọ̀ lohun tó wí lọ́tẹ̀ yìí: unexpected trap 14, cr2=0x8. Trap ni ohun tó bá dá CPU dúró lójijì.

Mo ní àìsàn méjì nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Odidi Ọjọ́rú ni mo fi ń wá lock, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ẹni méjì fọwọ́ kan nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan, tí mo rò pé mo gbàgbé. Nọ́ńbà 14 yẹn náà tún tàn mí: IRQ 14, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń pe CPU, ni ti díìsìkì IDE, mo rí 14, mo ní díìsìkì ló ń pariwo. Irọ́ ni. 32 ni xv6 ń fi kún nọ́ńbà IRQ, 46 ni ìbá jẹ́ tó bá jẹ́ ti díìsìkì. Page fault ni trap 14: kánẹ̀ẹ̀lì, ọkàn xv6 gan-an, ti lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí.

Láàárọ̀ yìí wọ́n ti mú iná, bátìrì wà ní 40, ni mo bá jókòó ti 8 yẹn. Inú cr2 ni CPU máa ń kọ àdírẹ́sì tó dá wàhálà sílẹ̀ sí. Kí ló wá wà ní 8? Mo ṣí buf.h, fáìlì tó sọ bí buf ṣe rí, ìyẹn àpótí tí xv6 ń kó block kọ̀ọ̀kan sí. Flags, byte mẹ́rin. Dev, byte mẹ́rin. Ohun tó tẹ̀lé wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 8 gẹ́ẹ́, blockno ni, ìyẹn nọ́ńbà block. Ara mi bù máṣọ. Ẹnì kan ń ka blockno lára buf tó wà ní òdo, ìyẹn buf tí kò sí níbì kankan. Mo gbé eip, àdírẹ́sì ibi tí CPU wà nígbà náà, lọ wò nínú kernel.asm, fáìlì tó to kóòdù kánẹ̀ẹ̀lì, ó mú mi lọ tààrà sínú kóòdù tí èmi fúnra mi kọ:

head = best->blockno;
idestart(best);

Mo ti kọ bó ṣe máa yí padà tó bá lọ sókè tán. Tó bá wá sọ̀ kalẹ̀ tán, tí gbogbo àwọn tó kù wà lókè ńkọ́? N kò kọ nǹkan kan. Best, ẹni tó kàn láti dá lóhùn, á wà ní òdo.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ìdí tí àìsàn kan náà fi ní ojú méjì. Láti àdírẹ́sì 0 ni xv6 máa ń gbé ètò kọ̀ọ̀kan lé, page table ètò náà, ìyẹn máàpù àdírẹ́sì rẹ̀, sì ni kánẹ̀ẹ̀lì ń bá a lò. Tí díìsìkì bá pè nígbà tí ètò kan wà lórí CPU, kóòdù ètò yẹn ló wà ní 8. Kánẹ̀ẹ̀lì á kà á, á gbà pé nọ́ńbà block ni, á máa lọ, títí wọ́n á fi dá a dúró ní ẹnu ọ̀nà idestart. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ètò ló ń sùn, page table ti kánẹ̀ẹ̀lì nìkan ló kù, kò sí nǹkan kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀, á kú lójú ẹsẹ̀.

Tony Hoare tó gbé null, irú òdo tí kò tọ́ka síbì kankan yìí, wọ inú èdè kọ̀ǹpútà ALGOL W ní 1965 ti fẹnu ara ẹ̀ pè é ní àṣìṣe bílíọ̀nù dọ́là. Tèmi kò tó yẹn. Ọjọ́rú kan ni, àti epo jẹnẹrétọ̀ lítà mẹ́ta.

Ìlà mẹ́rin ni àtúnṣe náà. Láti aago méje ni àwọn ọmọ mẹ́fà yẹn ti ń kàwé, kò sẹ́ni tó kú.

Àbúrò mi tó ń wa korópe wá gba agbára sí fóònù ẹ̀, ó bá mi níwájú làfún tó ti tutù. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣì ń wo nǹkan yìí?” Mo ní mo ti rí i. Mo ní awakọ̀ dé òpin ọ̀nà, kò rí èrò, kàkà kó yí padà, ó kọjú sí ìjókòó òfìfo, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti ń bọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé ìjókòó wá dá a lóhùn?”

Mo ní nígbà míì, ó ń dá a lóhùn.

Ó dákẹ́, ó wò mí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wa ọkọ̀ mi o.”