Dò, Re, Mí Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Camry ọdún 1996 ni mò ń wà ní Ìbàdàn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Òróbó. Ó ti wà nílé kí ìyàwó mi tó wọlé, nítorí náà, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ ọkọ̀, ọkọ ìyàwó mi náà ni.

Kò sí ariwo rẹ̀ tí n kò mọ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń ké bí ewúrẹ́, bélíìtì máa ń súfèé láàárọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá, àjèjì ni. Bí mo bá dúró, á bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá tẹ tọ́tù, á dákẹ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: bí ọmọ tó ń wúkọ́ láti òru bá ti rí nọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ á yá. Ọkọ̀ kò ké. Mo paná, mo sọ̀ kalẹ̀.

“Dádì, ẹ fi ẹnu ṣe é kí n gbọ́.”

Ọ̀fìnkìn ń dà mí láàmú lọ́sẹ̀ náà, ohùn mi ti wọlẹ̀ bíi ti eégún. Mo fa imú, mo ní, “Kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀.”

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. “Kọ̀-kọ̀-kọ̀? Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì nìyẹn, béárín ti lọ. Ká ní kọ́-kọ́-kọ́ ni, mi ò bá ní tápẹ́ẹ̀tì ni, òkè lásán, kò lówó nínú. Kọ̀-kọ̀-kọ̀ yìí, àfi ká sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.”

Mo ní háà, bí mo ṣe tún rò ó wò, kọ́-kọ́-kọ́ ló jọ.

“Dádì, ariwo kì í ṣe ọjà. Ẹ má ná an.”

Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ pa rédíò. Ó mú sukurudíráfà gígùn, ó fi ẹnu rẹ̀ ti orí ẹ́ńjìnnì, ó fi èèkù rẹ̀ sétí, ó dijú bí ẹni tí Ifá ń bá sọ̀rọ̀. “Ẹn-ẹ́n! Mo ti ń gbọ́ ọ.”

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó jókòó tì mí ká jọ wà á káàkiri. A gba ilé ìwé kọjá láti gbé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje. Bí a ṣe há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ báyìí, ariwo dé.

“Kọ̀!” ni mẹkáníìkì wí.

“Kọ́!” ni mo dá a lóhùn. Ọ̀fìnkìn ti lọ.

“Kọ̀ ni, Dádì!”

“Kọ́ ni jàre!”

Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn. “Ẹ̀yin méjèèjì ò gbà á. Dò kọ́, mí kọ́. Re ni: kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ. Tíṣà wa ní a kì í fi àmì sórí re.”

A tẹ́tí. Kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ. Re gidi.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mẹkáníìkì bẹ́ sílẹ̀, ó lóṣòó, ó yọ́wọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó máa ń bo páìpù sàlẹ́ńsà kí ooru rẹ̀ má baà ba nǹkan mìíràn jẹ́. Ìpẹtà ti jẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ ni páànù ń bá a jó. Kò rántí pé páìpù gbóná. Ó dì í mú.

“Yé!”

“Mí nìyẹn,” ni ọmọ mi wí.

Mẹkáníìkì fa wáyà yọ lápò, ó fi so páànù náà, ó bú u. Ariwo kú pátápátá. Kò gbówó lọ́wọ́ mi, kò sì wojú mi títí mo fi já a sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, búréèkì ń ké. Mo pè é lórí fóònù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu pé “kí-í-ì” ni, ó gé mi lẹ́nu.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún ọmọ yẹn.”