WebQuest nínú kíláàsì
Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kọ́mọ lọ wo Google kó kọ nǹkan tó bá rí wá, kọ́pì ló máa kọ́pì wá. WebQuest lèmi fẹ́ràn jù, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn ọmọ máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Bernie Dodge ló gbé e jáde l'Amẹ́ríkà ní 1995, tíṣà fúnra ẹ̀ ló máa ti ṣa ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa kà sílẹ̀, kí wọ́n má baà fi dátà ṣòfò kiri, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n ronú.

Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ni mo fi ṣe tèmi, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Mo bi wọ́n pé ṣé kí wọ́n dín èrò tó ń wá síbi ọdún Ọ̀ṣun kù ni? Mo wá pín ipa fún wọn: ẹnì kan ṣe olórìṣà, ẹnì kan ṣe ọlọ́jà, ẹnì kan ṣe ẹni tó ń tọ́jú igbó. Ọlọ́jà yìí kàwé tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí igbó bá bàjẹ́, ta ló máa wá rajà lọ́wọ́ mi?" Inú mi dùn gan-an! Kò síbi tí wọ́n kọ ìyẹn sí, òun ló rò ó fúnra ẹ̀.