Ẹ bá mi dúpẹ́: èémí mi ti já gaara

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ẹ bá mi gbé Olódùmarè ga. Lánàá, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìtòkú dé Aké láì dúró mí lẹ́ẹ̀kan.

Oṣù méje gbáko ni ikọ́ náà fi bá mi fínra. Ilé ìwòsàn kan fún mi ní oògùn asíímà. Òmíràn ní ikọ́ fée ni, bẹ́ẹ̀ wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò títí, wọn kò rí kòkòrò rẹ̀. Àwọn kan nínú ilé ti ya ife omi mi sọ́tọ̀. Mo rí wọn, n kò sọ̀rọ̀. Lóru ọjọ́ tí mo wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kún inú áńkáṣíìfù funfun, ìyàwó mi dì mí mú léjìká, kò lè pariwo, ó kàn ń pe oríkì mi sí mi létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà ọmọbìnrin kan. Àyà mi nìkan ni àwọn yòókù ń bi mí léèrè, ṣùgbọ́n òun ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ń dìde tọ̀ lóru?” Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, pé ọjọ́ orí ni. Ó gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wò mí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA, tí wọ́n fi ń yẹ pròsítéètì wò (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀), tí a kì í sábà fẹ́ kí ó kọjá 4, lé ní 300 lára mi. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà sí ọ̀nà èémí mi, wọ́n bá kókó kan níbẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì hàn pé jẹjẹrẹ pròsítéètì ló rìn débẹ̀. Eegun ló sábà máa ń lọ. Ọ̀nà èémí ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tí kò fi wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tó ń dá họ́mónù ọkùnrin tí jẹjẹrẹ náà ń jẹ dúró, ni wọ́n ń gún fún mi. Ikọ́ ti lọ, PSA ti wálẹ̀ sí 3. Dókítà kò ní ó ti tán pátá, n óò sì máa gba abẹ́rẹ́ mi lọ.

Ẹni tó ní kí wọ́n má fi owó ṣòfò lórí mi mọ́, mo gbọ́, Ọlọ́run sì gbọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ti lé ní 45, àwa aláwọ̀ dúdú ni àrùn yìí ń bá jà jù. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yín pamọ́ fún dókítà, ì báà jẹ́ ikọ́ ló gbé yín débẹ̀.

Ife omi mi nìyẹn lórí tábìlì. Láàárọ̀ yìí ni ìyàwó mi fọ̀ ọ́, tó sì dá a padà sáàárín àwọn yòókù.