Sójà kékeré mẹ́wàá ti di £40

Sátidé, alẹ́ ti lẹ́.

Òní ni mo tó jókòó ṣírò ẹ̀ dáadáa, ó sì dùn mí. Páálí ère sójà kékeré mẹ́wàá tí mò ń rà ní £25 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ti di £40, ike ni o, èèyàn ṣì máa gé wọn kúrò lára férémù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi gúlúù lẹ̀ wọ́n, á wá kùn wọ́n fúnra ẹ̀. Ọ̀dà ńkọ́? Ọ̀dà dúdú olómi tá a máa ń dà sínú kọ̀rọ̀ ara ère kí òjìji lè yọ, ìgò àtijọ́ tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù mi 24ml ni, èyí tí mo rà láàárọ̀ yìí 18ml. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, mo kàn ń wò wọ́n ni.

Mi ò sọ pé ẹnì kan ló ń rẹ́ wa jẹ o. Ní ìlú ọba níbí iná mànàmáná gbówó lórí, owó òṣìṣẹ́ gòkè, irin ni wọ́n sì ń gbẹ́ láti fi ṣe mólúdù tí ike ń wọ̀, iṣẹ́ olówó gọbọi ni, ká tó wá fi VAT 20% lé e.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni ọmọkùnrin kan tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ó gbé páálí kan fún màmá ẹ̀, màmá yí i padà, ó wo iye ẹ̀, ó rọra dá a padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ọmọ yẹn ò sunkún o. Ó kàn fọwọ́ kan páálí náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó jáde. Èmi tí mo ti dàgbà, mo lè fara dà á, mo ní èyí tí mi ò tíì kùn nílé tó máa tó mi í ṣe fún ọdún méjì, àmọ́ ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ bà wọ́n jẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n ṣe, ta ló máa fẹ́ kó fi £40 kọ́ṣẹ́?

Nílé bàbá mi l'Ọ́wọ̀, ère ìyá kan tó ń gúnyán máa ń wà lórí tẹlifíṣọ̀n, kò ga ju ìka mi lọ, ẹ̀gún igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Justus Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀ wa, ló bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yẹn láyé 1930 sí 1939. Wọn ò kùn ún rárá, àwọ̀ ẹ̀gún náà ni, èyí tó pọ́n díẹ̀, èyí tó dà bíi wàrà. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ nǹkan kékeré ti wọ̀ mí lára, mi ò sì fẹ́ kí owó gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń bọ̀.

Ọjà ká-búùtù, níbi táwọn èèyàn ti ń ta àlòkù látinú búùtù mọ́tò wọn, ni mo wá gbà lọ ní Sunday tó kọjá, mo rí àwọn sójà òjé àtijọ́ mẹ́fà ní £5, ọ̀dà ti ki mọ́ wọn lára débi pé wọn ò lójú, wọn ò nímú. Dẹ́tọ́ọ̀lù ni mo rẹ wọ́n sí mọ́jú kí ọ̀dà náà lè bọ́, gbogbo ilé ń rùn bí ọsibítù, ìyàwó mi ṣí fèrèsé, kò sọ̀rọ̀. Ẹ má fi omi ṣàn wọ́n ní kíá o, omi àti Dẹ́tọ́ọ̀lù á sọ ọ̀dà yẹn di nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, Dẹ́tọ́ọ̀lù náà lẹ máa kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tẹ́ ẹ ti pa tì gbo ó díẹ̀díẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ti mọ́ báyìí. Ẹni tó gbẹ́ ẹ gbẹ́ ìpéǹpéjú sí i, ó tún gbẹ́ àpá kékeré kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọ̀la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni màá kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun tẹ́ ẹ.